Ìjàpá Elétí Pupa: Ẹ̀bùn Ọmọdé tó Gba Odò Lọ́wọ́ Onílé

Adágún omi kan wà ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù tí mo máa ń gbà kọjá bí mo bá ń lọ wọ bọ́ọ̀sì. Igi ńlá kan ṣubú sínú rẹ̀, ìdajì rẹ̀ wà lábẹ́ omi, ìdajì yọ sókè. Bí oòrùn bá ti mú díẹ̀ nínú oṣù Karùn-ún, ìjàpá á gun orí igi náà, mẹ́ta, nígbà mìíràn mẹ́rin. Wọ́n á na ọrùn gbọọrọ, wọ́n á ti ẹsẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ fò, ọmọ ìka wọn á là bí abẹ̀bẹ̀. Ẹni tó bá rọra sún mọ́ wọn yóò rí ilà pupa kan lẹ́yìn ojú kọ̀ọ̀kan, bíi pé ẹnì kan fi ìka ṣoṣo tọ osùn síbẹ̀. Ẹ ṣèèṣì ta ẹsẹ̀ mọ́ koríko, gbogbo wọn á bọ́ sómi pọ̀ọ́.

Kò sí ìjàpá omi kan tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí. Ìjàpá omi ilẹ̀ Yúróòpù gbé ibẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó ti tó nǹkan bí 5,000 ọdún tí òtútù ti lé e kúrò. Àwọn tí mo ń rí lórí igi yẹn, Amẹ́ríkà ni ilé wọn, ní agbègbè odò Mississippi, láti Illinois títí dé etí òkun Mẹ́síkò. Wọn ò lúwẹ̀ẹ́ kọjá òkun Àtìláńtíìkì. Ẹnì kan ló rà wọ́n, ẹnì kan ló sì gbé wọn sọ sínú omi.

Ẹran kan náà yìí wà lónìí nínú odò Spéènì, Faransé, Ítálì, Japáànù, Gúúsù Áfíríkà, Brazil àti ibi púpọ̀ mìíràn. Ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń dáàbò bo ìṣẹ̀dá, IUCN, kà á mọ́ àwọn àlejò 100 tó ń ba ayé jẹ́ jù. Ìbéèrè mẹ́ta ló gba ọkàn mi lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ló ń pa àwọn ìjàpá onílé lára? Ọ̀nà wo ló ń gbà ṣe é? Kí ló sì dé tí òfin tí wọ́n ti ń ṣe láti nǹkan bí 50 ọdún ò fi dí i lọ́nà? Èrò tèmi ni pé orúkọ ẹran ni àwọn òfin náà ń lé kiri, wọ́n sì fi ọjà tó ń bí i sílẹ̀.

Trachemys scripta elegans ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Ìjàpá elétí pupa ni màá pè é níhìn-ín. Nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin, kò ju nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 3 lọ. Ó tutù yọ̀yọ̀ bí ewé ẹ̀fọ́, ìlà aláwọ̀ ìyeyè kún ọrùn rẹ̀, èèyàn sì lè gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Abo rẹ̀ a máa tóbi tó sẹ̀ńtímítà 30. Bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ó lè lo ọgbọ̀n ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé. Láti àwọn ọdún 1950 ni àwọn àgbẹ̀ Louisiana ti ń sìn ín nínú adágún, wọ́n ń wa ẹyin rẹ̀ jáde, wọ́n sì ń kó ọmọ rẹ̀ lọ sí ọjà. Abọ́ oníke pẹlẹbẹ tí igi ọ̀pẹ oníke kan dúró láàárín rẹ̀ ni wọ́n ń fi kún un fún oníbàárà. Ọmọ ìjàpá ni wọ́n ń tà. Kò sẹ́ni tó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ àgbà ìjàpá.

Àìsàn ni ó kọ́kọ́ la ojú Amẹ́ríkà. Kòkòrò salmonella máa ń wà lára ìjàpá láìpa á lára, ọmọdé sì máa ń fi ọmọ ìjàpá sẹ́nu. Ìṣirò ìgbà náà ni pé nǹkan bí 280,000 èèyàn ni ìjàpá ń kó o ràn lọ́dún ní orílẹ̀-èdè náà. Ní 1975, FDA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, fòfin de títa ìjàpá tí ìkarahun rẹ̀ kò tó ínǹṣì 4, èyí tí í ṣe nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 10. Òfin tó dára ni, ó gba ẹ̀mí ọmọ là. Ṣùgbọ́n kò kan èyí tí wọ́n bá ń kó lọ sí òkè òkun. Àgbẹ̀ tí ọjà ilé ti mọ́ lọ́wọ́ kọjú sí ọjà àjò. Láàárín 1989 sí 1997, ìjàpá elétí pupa tó jáde kúrò ní Amẹ́ríkà tó mílíọ̀nù 52.

Àwọn ọdún yẹn gan-an ni àwọn ọmọdé ayé ń wo Teenage Mutant Ninja Turtles, eré àwòrán àwọn ìjàpá ajàgun, lórí tẹlifíṣọ̀n, tí gbogbo wọn ń sunkún ìjàpá. Ìyá kan nínú ìjọ wa, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ra méjì fún àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní 1990. Mo bi wọ́n léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ìjàpá náà.

"Àkọ́kọ́, wọ́n dùn ún wò," ni wọ́n wí. "Nígbà tó yá, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni mò ń pààrọ̀ omi, ilé ṣì ń rùn. Àwọn ọmọ ò tún wò wọ́n mọ́. Èmi ni mo di ìyá ìjàpá."

"Ẹ ò ṣe tà wọ́n, Mà?"

"Ta ni yóò ra ìjàpá tó ti tó àwo ìjẹun? Mo lọ síbi tí mo ti rà wọ́n, wọ́n ní àwọn ò gbà á padà. N ò lè pa wọ́n. Lálẹ́ ọjọ́ kan, bàbá àwọn ọmọ gbé wọn sínú báàkẹ́ẹ̀tì, ó di etí odò. Mo tiẹ̀ gbàdúrà fún wọn. Ẹran Ọlọ́run ni wọ́n, kí wọ́n lọ máa jẹun fúnra wọn."

N kò gbọ́ ìwà ìkà kankan nínú ìtàn yìí. Àánú ni. Bí a bá sì fẹ́ mọ bí ẹran tó wá láti Louisiana ṣe dé inú odò tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, báàkẹ́ẹ̀tì àánú yẹn ni kí á tẹjú mọ́, torí kò sẹ́ni tó ta wọ́n sómi láti fi jèrè.

Nínú omi náà ńkọ́? Ìjàpá kì í fúnra rẹ̀ mú ara gbóná bí èèyàn. Oòrùn ló ń yá. Bí kò bá rí ibi yáàrùn, oúnjẹ inú rẹ̀ kò ní í dà dáadáa, ẹyin inú abo kò ní í pọ́n bó ṣe yẹ, ewéko omi àti kòkòrò á sì bo ìkarahun rẹ̀. Igi tó léfòó lórí omi ni ìjàpá fi ń se oúnjẹ, òun náà ni ilé ìwòsàn rẹ̀. Ní Faransé, Antoine Cadi àti Pierre Joly kó ìjàpá omi ilẹ̀ Yúróòpù, Emys orbicularis, àti ìjàpá elétí pupa sínú adágún kan náà láti wo bí wọ́n yóò ṣe pín ibi ìyáàrùn. Wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2003. Àlejò gba ibi tó dára jù, onílé bọ́ sí ibi tí kò dára. Nínú ìwádìí wọn kejì tó jáde ní 2004, àwọn onílé tó bá àlejò gbé rù, wọ́n sì kú ju àwọn tó dá gbé lọ. Àwọn Yorùbá máa ń sọ pé adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Lórí igi yìí, ara rọ àlejò. Onílé nìkan ni ara ò rọ̀.

Ní Spéènì, Nuria Polo-Cavia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ohun kan tó yà mí lẹ́nu. Ìjàpá onílé ibẹ̀, Mauremys leprosa, máa ń sá fún omi tí òórùn ìjàpá elétí pupa bá wà nínú rẹ̀. Kò rí i, kò bá a jà, òórùn lásán ni, onílé á sì yà. Wọ́n tún wọn ara àwọn méjèèjì. Ìjàpá elétí pupa rí roboto ju onílé lọ, nítorí náà ooru tó bá gbà sára kì í tètè kúrò. Ìyẹn ni pé bí wọ́n bá jọ bọ́ sómi tútù, ara àlejò á ṣì gbóná nígbà tí ti onílé á ti tutù.

Odò kékeré kan gba inú ọgbà igi Yunifásítì California ní Davis kọjá, ìjàpá elétí pupa sì ti kún ibẹ̀. Max Lambert àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ kó 177 jáde nínú rẹ̀, wọ́n sì ń wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ìjàpá onílé ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà tó ṣẹ́ kù. Nínú èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019, àwọn onílé sanra sí i. Iṣẹ́ yìí ṣe pàtàkì lójú mi ju ti Faransé lọ, nítorí odò gidi ni, kì í ṣe adágún tí wọ́n gbẹ́ fún ìdánwò, wọ́n sì mú àlejò kúrò dípò kí wọ́n fi í kún un. Síbẹ̀, odò kan ṣoṣo ni, àwọn onílé inú rẹ̀ kò sì pọ̀. Mi ò ní torí rẹ̀ sọ pé gbogbo odò á rí bẹ́ẹ̀.

Jíjà sí oúnjẹ àti oòrùn nìkan kọ́. Ní Spéènì, wọ́n ti bá aràn inú ẹ̀jẹ̀ kan tí ilé rẹ̀ jẹ́ Amẹ́ríkà nínú ara Emys orbicularis. Ara ìjàpá elétí pupa ti mọ aràn náà tipẹ́, ara onílé kò mọ̀ ọ́n. Ibi tí onílé bá sì jẹ́ ìbátan àlejò, wàhálà mìíràn tún wà: wọ́n ń gun ara wọn, ọmọ àdàlù ń jáde. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní Puerto Rico láàárín òun àti Trachemys stejnegeri, èyí tó jẹ́ ti erékùṣù náà. Ẹni tó bá ń ka ìjàpá inú irú omi bẹ́ẹ̀ lè máa rò pé onílé ń pọ̀ sí i, nígbà tí ó jẹ́ pé irú rẹ̀ ló ń parẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí á má ṣe di gbogbo ẹ̀sùn lé ẹran kan lórí. Kí ìjàpá elétí pupa tó dé California, wọ́n ti ń kó ìjàpá onílé ibẹ̀ lọ tà ní San Francisco fún ọbẹ̀, láti ọ̀rúndún 19. Wọ́n dí irà, wọ́n darí odò, wọ́n la títì gba ibi tí abo ń lọ yé ẹyin sí. Ọ̀pọ̀lọ́ ńlá tí wọ́n kó wá láti ìlà oòrùn Amẹ́ríkà ń gbé ọmọ rẹ̀ mì. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà dábàá ní 2023 pé kí òfin ẹran tó wà nínú ewu máa dáàbò bo ìjàpá náà, ìjàpá elétí pupa wà lára ohun tó ń pa á lára, kì í ṣe òun nìkan. Bó ṣe rí ní Yúróòpù náà nìyẹn. Àlejò bá onílé nígbà tó ti rẹ̀ ẹ́, ó sì jókòó lé e lórí. Ẹni tó bá ní kò ṣe nǹkan kan kò ka ìwádìí, ẹni tó bá sì ní òun nìkan ló ṣe gbogbo rẹ̀ ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù dípò àwọn tó ń dí irà.

Japáànù ni ọ̀rọ̀ náà ti le jù, mo sì rò pé ibẹ̀ la ti lè rí ọgbọ́n kọ́ jù. Níbi àjọ̀dún àdúgbò ni ọmọdé ti máa ń rí ọmọ ìjàpá tútù yìí rà. Ní 2016, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó àyíká ṣírò pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 8 ló wà nínú omi orílẹ̀-èdè náà, ìlọ́po mẹ́jọ ìjàpá onílé wọn. Ní ìlú Saga, òdòdó omi kan tó jọ òṣíbàtà, tí wọ́n ń pè ní lótọ́ọ̀sì, ń tan nínú omi tó yí ààfin àtijọ́ ká. Ó pòórá. Ìjàpá ń jẹ ọ̀mùnú rẹ̀ kó tó yọ lórí omi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìjàpá kúrò lọ́dọọdún, òdòdó náà sì tún hù padà.

Ojútùú òfin rọrùn lójú ẹni tó bá jìnnà síbẹ̀: kí wọ́n kàn fòfin dè é pátápátá. Ìjọba Japáànù fà sẹ́yìn fún ọdún púpọ̀, ìdí wọn sì bọ́gbọ́n mu. Bí títọ́jú ìjàpá bá di ẹ̀ṣẹ̀ lọ́la, alẹ́ òní ni báàkẹ́ẹ̀tì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí etí odò. Nígbà tí wọ́n wá ṣe òfin wọn, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà 2023, wọ́n gé e sí méjì. Ẹni tó ní ìjàpá nílé lè máa tọ́jú rẹ̀ láìgbàwé àṣẹ, ó sì lè fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Títà rẹ̀, kíkó o wọ̀lú àti sísọ ọ́ sómi ni wọ́n kà léèwọ̀. Ẹni tó bá sọ ọ́ sómi lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta tàbí kó san owó yẹ́ẹ̀nì tó tó mílíọ̀nù 3.

Ẹ fi wé ohun tí Yúróòpù ṣe. Ní 1997, wọ́n ti ẹnubodè mọ́ Trachemys scripta elegans, ìyẹn ẹ̀yà tó ní ilà pupa nìkan. Àwọn oníṣòwò kò jáde kúrò lọ́jà. Wọ́n kó ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ dé: èyí tí ikùn rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, èyí tí ìkarahun rẹ̀ ní ilà bí àwòrán ilẹ̀, àti èyí tí wọ́n ń pè ní Pseudemys. Abọ́ kan náà, ìtọ́jú kan náà, ọmọdé kan náà. Ó di 2016 kí wọ́n tó fi gbogbo ẹ̀yà Trachemys scripta sínú ìwé àwọn àlejò tí kò gbọ́dọ̀ wọ ọjà ní gbogbo Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Ní 2023, àwọn onímọ̀ tó lo ẹ̀rí inú ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé ní Freiburg, ní Jámánì, oríṣi mẹ́ta ló ti ń bímọ nínú omi gbangba: Trachemys scripta, Pseudemys concinna àti Graptemys pseudogeographica. Méjì nínú mẹ́ta yẹn kì í ṣe èyí tí òfin 1997 dárúkọ. Wọ́n tilẹ̀kùn, ọjà gba ojú fèrèsé wọlé.

Ìròyìn Freiburg yìí ló bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ohun tí mo kà. Ohun tí à ń fi tu ara wa nínú tẹ́lẹ̀ ni pé òtútù àríwá Yúróòpù kò ní í jẹ́ kí ẹyin wọn pa. Ẹyin ìjàpá ń fẹ́ ilẹ̀ gbígbóná fún oṣù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá gbóná gan-an, abo ló máa ń pọ̀ nínú ọmọ. Bó bá tutù, akọ. Abo kan lè yé tó 20 lẹ́ẹ̀kan, kó sì tún yé lọ́dún kan náà. Ẹ̀ẹ̀rùn Yúróòpù ń gùn sí i, ó sì ń mú sí i. Ìjàpá tó ti fi ọgbọ̀n ọdún wẹ̀ láìbímọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ nínú odò tó ti di ilé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn èèyàn wa ju bí a ṣe rò lọ. Ìjàpá ọkọ Yánníbo tí a fi ń pàlọ́, ẹran orí ilẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n kó àwọn baba ńlá wa lẹ́rú dé Kúbà, wọn ò rí irú rẹ̀ nínú igbó ibẹ̀. Ìjàpá omi ni wọ́n bá, èyí tí àwọn ará Kúbà ń pè ní jicotea, wọ́n sì gbé orúkọ àti ìwà Àjàpá wọ̀ ọ́. Ayapá ni àwọn Lùkùmí, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá Kúbà, ń pè é títí dòní, ẹran Ṣàngó ni. Lydia Cabrera kó ìtàn rẹ̀ jọ sínú ìwé kan tó jáde ní 1971, orúkọ ìwé náà sì ni Ayapá: Cuentos de Jicotea. Ní Brazil náà, Ṣàngó, tí wọ́n ń pè ní Xangô níbẹ̀, ń gba àjàpá. Jicotea Kúbà yìí, Trachemys decussata, ìbátan tímọ́tímọ́ ni ó jẹ́ sí ìjàpá elétí pupa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Puerto Rico lè ṣẹlẹ̀ níbikíbi tí àwọn méjèèjì bá ti pàdé. Ẹran tí àwọn ẹrú fi pa ìtàn ilé mọ́ láyé ìṣòro kò yẹ kó ti ọwọ́ ohun ìṣeré ọmọdé pòórá.

Kí á má rò pé tiwa nìkan ni wọ́n ń ṣẹ̀ sí. Ìjàpá omi kan wà ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tó ń gbé inú ẹrẹ̀ odò wa títí dé Nàìjíríà, Pelusios castaneus ni wọ́n ń pè é. Èèyàn ti gbé òun náà dé erékùṣù Guadeloupe, ó sì ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Onílé ní ilé, àlejò lóko.

Ní ti kíkó àwọn tó ti wà nínú omi jáde, iṣẹ́ àṣelàágùn ni. Tàkúté tó dára jù fi ìwà ìjàpá mú ìjàpá. Wọ́n á kan pákó mẹ́rin pọ̀ kó léfòó, wọ́n á so àwọ̀n mọ́ abẹ́ àárín rẹ̀ bí agbọ̀n. Ìjàpá á ti ẹ̀gbẹ́ ìta gun pákó láti yáàrùn. Bí ó bá fẹ́ padà sómi tó sì gba inú bọ́ sílẹ̀, kò lè jáde mọ́. Ẹni tó dẹ ẹ́ gbọ́dọ̀ máa wò ó lójoojúmọ́, nítorí onílé náà ń yáàrùn, ó sì ní láti dá a padà sódò. Ní Valencia, owó Yúróòpù gbé irú iṣẹ́ yìí ró láti 2011 sí 2013, pẹ̀lú àwọn ará Pọ́túgà, wọ́n sì ń wá ẹyin nínú ilẹ̀. Ó ṣeé ṣe nínú adágún kékeré. Nínú odò ńlá, tí báàkẹ́ẹ̀tì sì ń bọ̀ lọ́dọọdún, bí ẹni ń pọnmi sínú ajere ni.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ibi ìtajà ni iṣẹ́ wà. Kí ẹni tó ń ta ọmọ ìjàpá gbé àgbà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú àpótí omi tó yẹ ẹ́, kí oníbàárà rí ohun tó ń rà. Kí ó jẹ́ dandan fún un láti gbà á padà lọ́wọ́ ẹni tó bá rẹ̀. Kí òfin dárúkọ irú òwò yìí lápapọ̀, kì í ṣe ẹ̀yà kan lẹ́ẹ̀kan. Kí ìlú kọ̀ọ̀kan sì ní ibi tí èèyàn lè gbé ìjàpá lọ láìsí ìtìjú àti láìsanwó. Bí irú rẹ̀ bá ti wà ní 1990, ìyá ìjọ wa kì bá tí wá báàkẹ́ẹ̀tì.

Mo ka díẹ̀ nínú ohun tí mo kọ yìí fún wọn lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n wá bi mí bóyá àwọn méjèèjì tàwọn ṣì lè wà láàyè. Mo ní ó ṣeé ṣe, Mà, ọjọ́ orí wọn kò tíì kọjá bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bó bá di Sátidé, tí oòrùn bá ràn, kí n wá mú àwọn lọ sí etí omi tí mo sọ yẹn, àwọn fẹ́ wo ojú wọn.